Láyípo: Ìdí Tí Wọ́n Fi Kọ́ Ilé Gogoro Sórí Òkè Ààrẹ

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ Láyípo, ilé gogoro orí Òkè Ààrẹ n'Ìbàdàn. Orúkọ Kápítéènì Robert Lister Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ni ìwé ìjọba fi ń pè é. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ Bower bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ti gba ìdí bọ̀ ọ́ wọlé. Kí a tó gbọ́ orúkọ Bower ni òkè náà ti ní olówó orí.

Ààrẹ Látòósà ni olówó orí ọ̀hún. Ó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1871, ó sì wà lórí àléfà títí ó fi kú sí ibùdó ogun Kírìjì ní 1885. Oyè tó jẹ yìí kì í ṣe oyè àjẹfayọ̀. Láyé ogun nígbà náà, wọn á fá orí ẹni tí wọ́n bá fi jẹ ẹ́, wọn á sín gbẹ́rẹ́ 201 sí ìpàkọ́ rẹ̀. Abẹ 201 ni wọ́n fi ń sín in, abẹ kan fún gbẹ́rẹ́ kan, oògùn inú ado 201 ni wọn á sì fi ra á. Lẹ́yìn náà, wọn á máa fá orí rẹ̀, àfi irun ojú gbẹ́rẹ́ náà ni wọn á jẹ́ kó gùn. Ìyẹ́ odídẹ ni wọ́n fi ń ṣe adé rẹ̀, awọ ẹkùn ló ń jókòó lé. Kì í bá Aláàfin gbé ìlú kan náà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ lọ sógun lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá sì ṣẹ́gun, òkú rẹ̀ ni wọ́n ń retí kó padà wálé.

Ẹ wá wò ó: kí ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣe? Ibùdó ogun ni Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1829 tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn ogun Òwu, òkè tó tò tẹ̀lé ara wọn láti Mápó lọ sí Òkè Arẹ́mọ sì ni eegun ẹ̀yìn ìlú náà. Láti orí wọn ni èèyàn ti lè rí èéfín àbúlé tó ń jó àti eruku ọmọ ogun tó ń bọ̀. Kò lè ṣe kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ni alóre, ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀tá, máa ń dúró sí kí òyìnbó tó mọ búlọ́ọ̀kù kan lórí òmíràn. Gbogbo ohun tí Láyípo wá ṣe lẹ́yìn náà, òkè náà ti ń ṣe é.

Bower dé lẹ́yìn ogun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1893, nígbà Baálẹ̀ Fìjàbí, ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ìjọba Èkó pé kí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó máa gbé láàárín wọn. Ìlú tó ti ń rán ajẹ́lẹ̀ lọ jẹgàba lórí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá gba tirẹ̀! Ọwọ́ Bower le. Ní 1894 ó mú Ògèdèǹgbé ti Iléṣà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1895, ó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ lórí Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ó kúrò ní 1897, ó lọ di ọ̀gá ọlọ́pàá ní Yorkshire, nílùú òyìnbó.

Àwọn kan ní òyìnbó kàn ń ṣẹ̀yẹ fún òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò kọ́ ọ kí ogójì ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́yìn tí ó lọ? Ẹ wo ọdún tó yí i ká. Títí di 1931, Ross ni ajẹ́lẹ̀ àgbà ní Ọ̀yọ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Aláàfin Ládìgbòlù. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi Ìbàdàn sí nígbà náà, ní 1925 ni wọ́n sì yọ Baálẹ̀ Ṣítù, ọmọ bíbí Látòósà, lóyè. Ross lọ tán, ní 1934 wọ́n yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1936, Baálẹ̀ di Olúbàdàn, Ọkúnọlá Àbáàsì ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ọdún yẹn kan náà ni ilé gogoro dìde lórí òkè bàbá Ṣítù, ní orúkọ ẹni tó yin àgbá lu Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, kó ṣàlàyé fún wa.

Taffy Jones, ẹnjiníà tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, náà ló ya àwòrán rẹ̀. Mápó tẹ́ rẹrẹ, ó to òpó ràgàjì síwájú; Láyípo nàró ṣánṣán. Igun mẹ́rin ló ní, ìhà kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 11, gíga rẹ̀ tó 60. Ẹsẹ̀ bàtà 11, tí ògiri sì tún gbà lára rẹ̀, kò lè gba àtẹ̀gùn tó lọ tààrà, òun ló fi di dandan kó máa lọ́ yípo, tí aráàlú sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ a máa tín-ín-rín lápá inú, a sì fẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀bá ògiri ni kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ máa gbà, torí pé lápá inú, gìgísẹ̀ nìkan ló ń rí ibi tẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ á wà lófuurufú. Ẹni tó bá sáré gùn ún, òòyì á kọ́ ọ. Bí èrò bá pọ̀, kí ti òkè sọ̀ kalẹ̀ tán kí ti ìsàlẹ̀ tó gbéra.

Ìyókù kò gùn. Ó di ibi ìgbafẹ́, àwọn ọmọ iléèwé ń wá wò ó. Ní 1965 Ilé Kòkó dìde sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú àjà 26, ó sì ga ju Láyípo lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Dùgbẹ̀ wà, Láyípo ní òkè lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí Mápó, òkun páànù tó ti dípẹtà àti Ilé Kòkó kedere, kó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá. Nígbà ọyẹ́, kò ní rí kọjá àdúgbò kejì.