Bí Xerographica Ṣe Ti Orí Igi Dé Inú Ilé

Tillandsia xerographica kì í ṣe ewéko orí ilẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní gúúsù Mẹ́síkò, Guatemala, El Salvador àti Honduras, nínú igbó gbígbẹ tó kún fún ẹ̀gún, tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ máa ń pẹ́, orí ẹ̀ka igi ló ń gbé. Òkè téńté, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti pọ̀, ló fẹ́ràn jù. Ewé rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó fẹ̀ nídìí, ó ń tín-ín-rín lọ sókè, ó sì ká kọ́lọkọ̀lọ lẹ́nu.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní àfòmọ́. Kì í ṣe àfòmọ́ o. Àfòmọ́ a máa wọnú igi lọ, a sì máa fa omi ara igi mu. Ní ti xerographica, ibi ìjókòó nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ igi. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ju ohun tó fi ń di ẹ̀ka mú lọ. Ewé ló ń mu omi. Bí a bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ewé náà, a ó rí ìpẹ́ pẹlẹbẹ tín-tìn-tín tó bò ó lára. Bí ìrì tàbí òjò bá kàn án, ìpẹ́ wọ̀nyí á fa omi sínú, funfun ara rẹ̀ á sì pòórá, tí àwọ̀ ewé á fi hàn. Bó bá gbẹ, á tún padà funfun, kí oòrùn má baà jó o. Lọ́sàn-án, ó máa ń pa àwọn ihò tó fi ń mí dé kí omi má baà tán lára rẹ̀. Òru ló ń ṣí wọn, tó sì ń gba carbon dioxide pamọ́ de ọjọ́ kejì.

Òun àti ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹbí kan náà ni. Ẹ̀yà inú ẹbí yìí lé ní 3,000, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, Pitcairnia feliciana, tó ń hù lára àpáta ní orílẹ̀-èdè Guinea. Mo fẹ́ràn ẹyọ kan yẹn gan-an.

Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi orúkọ Elias Tillandz, oníṣègùn àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Turku ní Finland, sọ ọ̀wọ́ ewéko tí xerographica wà nínú rẹ̀ ní Tillandsia. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òkun da Tillandz láàmú púpọ̀ nígbà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Stockholm, débi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn padà, tó yí gbogbo etí òkun po. Linnaeus rò pé ewéko yìí náà kórìíra omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró tí kò gbẹ ni kò fẹ́, ẹni tó bá sì mọ ìyàtọ̀ yìí ti mọ ìdajì ìtọ́jú rẹ̀.

Ọdún 1953 ni Otto Rohweder, tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn ewéko El Salvador, kọ àpèjúwe xerographica sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn olólùfẹ́ òdòdó rí i pé ó lè fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan, pé òdòdó rẹ̀ ń pẹ́ lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù, pé kò sì bèèrè yẹ̀pẹ̀. Ẹwà yìí ló kó bá a. Wọ́n ń já a lórí igi nínú igbó, wọ́n ń kó o lọ tà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé igbó ọ̀hún fún oko. Ewéko tó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà láti orí hóró kò lè fara da irú ìkórè bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1992, nínú ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ní Kyoto ní Japan, wọ́n fi í sínú àkójọ kejì àdéhùn náà, èyí tó fi jẹ́ pé kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Lónìí, àwọn ọgbà ní Guatemala ń fi hóró àti ọmọ tó ń yọ nídìí rẹ̀ gbìn ín fún títà sókè òkun. Irú tí wọ́n gbìn lọ́gbà yìí ni kí ẹ rà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, ẹ má tijú.

Tó bá délé, ẹ má sin ín sínú yẹ̀pẹ̀. Ẹ gbé e sórí igi gbígbẹ tàbí òkúta, nítòsí fèrèsé tó mọ́lẹ̀ dáadáa, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Ẹ yẹra fún wáyà bàbà àti igi tí wọ́n fi oògùn bàbà kùn, torí májèlé ni bàbà jẹ́ fún un. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ewé rẹ̀ á túbọ̀ ká. Bó bá mu omi yó, á tú. Omi òjò ló dára jù. Àárọ̀ ni kí ẹ bu omi sí i tàbí kí ẹ rì í bọmi, kó lè gbẹ kí òru tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ da orí rẹ̀ kodò, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, torí ìdí ewé rẹ̀ máa ń gba omi dúró bí ife. Omi tó bá sùn síbẹ̀ á mú àárín rẹ̀ jẹrà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ewé á fi máa fà yọ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, á sì máa yọ ọmọ nídìí. Ẹ má kánjú gé ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kó tó ìdajì ìyá kí ẹ tó yà á.