Kí ló dé tí eléré iléèwé àtijọ́ fi ń fara pa nígbà tó bá padà sórí pápá?

Ìbéèrè: Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá níléèwé, tó fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó wá padà. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tó rò pé ara òun ti ń padà bọ̀ sípò ló máa ń fara pa?

Ìdáhùn: Ara kì í padà bọ̀ sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní máa mí gúlegúle mọ́. Àmọ́ okùn iṣan, ìyẹn èyí tó so ẹran ara mọ́ egungun, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń le, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Ọpọlọ ní tiẹ̀ ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́rí òjijì. Ọpọlọ pàṣẹ, èémí gbà, okùn iṣan kò gbà. Láàárín ẹni ọdún 30 sí 50 ni okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti sábà máa ń já. Ẹni tó bá já fún máa ń rò pé ẹnì kan gbá òun lẹ́sẹ̀ látẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Báwo wá lèèyàn ṣe máa padà?

Ìdáhùn: Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ rìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sáré pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ rìn fún méjì, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ máa fi kún eré, kẹ́ ẹ máa dín ìrìn kù. Ẹ má tíì sá àsápajúdé títí ẹ ó fi lè sáré ogún ìṣẹ́jú láìdúró, tí ibì kankan ò sì ro yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì yìí ni adájọ́: bí gìgísẹ̀ bá gan ju tàná lọ, ẹ dín in kù.

Eré nìkan ò tó. Ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ ṣe é nígbà méjìlá, kẹ́ ẹ tún méjìlá náà ṣe títí á fi pé ọ̀nà mẹ́ta; bẹ́ ẹ bá ṣe é lónìí, ẹ fo ọ̀la. Fún ẹ̀yìn itan, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ síwájú láìká ìbàdí, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ gba ara yín nílẹ̀. Márùn-ún ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń ro èèyàn gan-an.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà?

Ìdáhùn: Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn ọkàn. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni lórí pápá, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì wá ìtọ́jú.

Ìbéèrè: Ṣé ìdíje ṣì wà fún àgbàlagbà?

Ìdáhùn: Ó wà dáadáa. Nínú eré sísá, ìdíje àgbà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 35. Nínú ìlúwẹ̀ẹ́, láti 25. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń pín wọn sọ́wọ̀ọ́: 35 sí 39, 40 sí 44, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù onírìn náà wà, tí sísáré jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 40 ló kéré jù nínú ọ̀wọ́ tuntun tó bọ́ sí, nítorí náà ọdún yẹn gan-an ló dáa kéèyàn fojú sùn fún ìdíje ńlá.