Sítíkà Aláwọ̀ Ewé Tí Ọkọ̀ Gbọ́dọ̀ Ní Kó Tó Wọ Àwọn Ìlú Kan Ní Jámánì

Ẹni tó ń wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ òfin èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ULEZ dáadáa, nítorí láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ló ti kárí gbogbo ìlú náà. Kámẹ́rà á ka nọ́ńbà ọkọ̀, bí èéfín rẹ̀ bá ju bí òfin ṣe fẹ́, awakọ̀ á san £12.50 fún ọjọ́ náà. Bí ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá mọ́, kò sí ohun tí olówó rẹ̀ máa ṣe. Àṣà yìí ló lè kó ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi àríyá ní Köln tàbí Frankfurt sí gbèsè.

Ní Jámánì, sítíkà ni ẹ̀rí. Umweltplakette ni wọ́n ń pè é: róbótó, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú nọ́ńbà 4 gàdàgbà àti nọ́ńbà ọkọ̀ lára rẹ̀. Inú gíláàsì iwájú ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ sí, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún. Láìsí i, ọkọ̀ oníná pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá àmì Umwelt Zone, ìyẹn àgbègbè ìlú tí wọ́n ti ń ṣọ́ èéfín ọkọ̀. Ọkọ̀ lè mọ́ tónítóní kó sì jẹ̀bi síbẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100 yúrò, kò yọ ọkọ̀ àjèjì sílẹ̀, kò sì yọ èyí tí wọ́n kàn páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ bóyá ó tọ́ sí i. Bí ìpele Euro (òdiwọ̀n èéfín ọkọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù) kò bá sí nínú rẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò: oní-pẹtiróòlù láti 1993, oní-dísẹ́ẹ̀lì láti 2006. Ó yani lẹ́nu, àbí? Dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2010 tó ń sanwó ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń béèrè Euro 6, yóò gba aláwọ̀ ewé ní Jámánì. Àmọ́ kí onídísẹ́ẹ̀lì má tíì yọ̀ jù: Stuttgart tún ṣòfin lọ́tọ̀ fún dísẹ́ẹ̀lì ní 2019.

Ọ́fíìsì TÜV àti DEKRA, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ń tà á. Ẹyọ kan tó fún gbogbo ìlú Jámánì, kì í sì í lọ́jọ́ ìparí àfi bí nọ́ńbà ọkọ̀ bá yí padà. Àwọn ìlú kan ti fagi lé àgbègbè tiwọn. Hannover, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2008, fòpin sí i ní 2024.

Ẹni tó bá gba Bẹ́ljíọ̀mù kọjá tún níṣẹ́ kan: kí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ Brussels, Antwerp tàbí Ghent, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Títì R0 tó yí Brussels ká kò sí nínú òfin náà.