Ọgbà òdòdó gígé ní Ilé-Ifẹ̀

Ọgbà òdòdó gígé ni ọgbà tí wọ́n ń gbin òdòdó sí kí wọ́n lè máa gé e lò nínú ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Róòsì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn igi kéékèèké àti ewéko tí kì í kú lẹ́yìn ọdún kan ló ń gbé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ró.

Ooru ló fà á. Róòsì fẹ́ oòrùn lọ́sàn-án, ó sì fẹ́ òtútù lóru, irú èyí tó máa ń wà níbi tí ilẹ̀ bá ga. Ní Naivasha ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti ń gbin róòsì ránṣẹ́ sí Yúróòpù, ilẹ̀ ga ju mítà 1,800 lọ sí ìtẹ́jú òkun. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200. Ilé-Ifẹ̀ kò ju nǹkan bíi 300 lọ. Róòsì ibẹ̀ máa ń kéré, kì í sì í pẹ́ tú. Òjò tún ní tirẹ̀: fọ́ńgọ́ọ̀sì Diplocarpon rosae máa ń ran ewé tó bá tutù fún nǹkan bíi wákàtí méje. Àmì dúdú roboto á yọ, ewé á pọ́n bí ẹni gbó, á sì rẹ̀ dànù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ á ti tètè gbẹ ìrì, tí wọ́n ń bomi sí ìdí rẹ̀ nìkan, tí wọ́n sì ń ṣa ewé tó bá já sun.

Ilẹ̀ pupa tó le máa ń dá omi dúró, ebè gíga ló sàn. Ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ jẹrà kí wọ́n tó pò ó mọ́ ilẹ̀; tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Koríko gbígbẹ dára lórí ebè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ kò gbọdọ̀ kan ìdí igi, torí ikán.

Ixora, igi kékeré tí òdòdó rẹ̀ máa ń ṣù jọ, dára fún gígé. Hibiscus tó wà lára ọgbà káàkiri ìlú kò wúlò fún un, nítorí ọjọ́ kan ni òdòdó rẹ̀ sábà máa ń lò. Òdòdó ìdò (Canna) pẹ̀lú kì í pẹ́ rọ. Heliconia, tí ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi. Ṣọkọ yòkòtò tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀ ní ẹ̀yà kan tí orí rẹ̀ rí bí ogbe àkùkọ. Bí wọ́n bá so ó rọ̀ kó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá. Ewé pẹ̀lú ṣe pàtàkì nínú ọgbà yìí, ohun tí Ifẹ̀ sì ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn: akòko fún ìwúyè, màrìwò fún ojúbọ. Pèrègún tí wọ́n bá gé sínú omi lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó tilẹ̀ lè ta gbòǹgbò.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń gé òdòdó, pẹ̀lú ọ̀bẹ mímú, kó tó di pé oòrùn mú. Inú garawa omi ló ń bọ́ sí lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì já gbogbo ewé tí omi bá bò. Ìrudi róòsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ni wọ́n ń gé, torí yóò parí títanná rẹ̀ nínú ilé. Heliconia kì í ṣí sí i mọ́ lẹ́yìn gígé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró kó ṣí tán lórí igi.