Ìsoríkọ́ àti Jíìnì Àwọn Ọmọ Ogun Ara

Àwọn tí ìsoríkọ́ líle ti bá ẹbí wọn jà kì í yé bi mí bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Apá kan rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé, nínú ohun tó mú kí ìsoríkọ́ tètè mú ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ, bí ìdá 37 nínú 100 ni ó jẹ́ àjogúnbá. Ohun tó máa ń ya wọ́n lẹ́nu ni pé kì í ṣe jíìnì (ohun tí a fi ń jogún àbùdá lára òbí) tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó kan ti àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bá kòkòrò àrùn jà.

Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2018, èyí tó kó aláìsàn tó ju 135,000 jọ, rí ojúkò 44 láàárín àwọn jíìnì ènìyàn tó so mọ́ ìsoríkọ́, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí krómósómù kẹfà (krómósómù ni okùn tí jíìnì tò sí nínú sẹ́ẹ̀lì), níbi tí jíìnì àwọn ọmọ ogun ara pọ̀ sí gan-an.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìí bá ń jà, wọ́n máa ń tú àwọn èròjà bíi interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀, ìròyìn ogun náà yóò sì dé ọpọlọ. Ẹni tí ibà ti dá gúnlẹ̀ rí mọ̀ ọ́n dáadáa: oúnjẹ kò wù ú jẹ, kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wá láti ara àwọn tí wọ́n fi oògùn interferon, tí ń ru ọmọ ogun ara sókè, tọ́jú nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, torí pé bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn ni ìsoríkọ́ mú láàárín ìtọ́jú náà.

Síbẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lọ ṣe àyẹ̀wò jíìnì nítorí èyí, nítorí pé díẹ̀ bín-ín-tín ni jíìnì kọ̀ọ̀kan ń fi kún ewu náà. Oògùn tí ń pẹ̀tù sí ogun inú ara pàápàá kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n dán infliximab, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, wò lára aláìsàn ìsoríkọ́ 60, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, kò sàn ju omi tí kò ní oògùn nínú lọ lápapọ̀. Àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní CRP ti fi hàn pé ogun ń lọ lọ́wọ́ nínú ara wọn ni ó jọ pé ó ṣe láǹfààní. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ rí dókítà nítorí ìsoríkọ́, tí oríkèé ríro tàbí àrùn awọ ara kan, tó lè jẹ́ àmì irú ogun bẹ́ẹ̀, sì ti ń bá yín fínra tipẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú, kí ó lè tọ́jú méjèèjì pọ̀.