Kí gan-an ni kánún ń ṣe nínú aáṣáà?

Ìyá tó ń lọ aáṣáà, ewé tábà gbígbẹ ló máa kọ́kọ́ lọ̀ títí á fi kúnná, lẹ́yìn náà ló máa wá gún kánún mọ́ ọn, díẹ̀ náà ni torí tó bá pọ̀ jù á bó èèyàn lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá gbàgbé kánún yẹn pẹ́nrẹ́n, àwọn oníbàárà á ní aáṣáà òní ò mú rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá rò pé kánún ló ń mú wọn lójú, irọ́ ni o, inú tábà ni nǹkan tó ń múni wà látilẹ̀.

Nikotíìnì ni. Ó wà lára àwọn èròjà inú ewéko tí wọ́n ń pè ní alkaloid, bíi kaféìnì inú obì àti kuiníìnì inú èèpo igi cinchona, béèsì, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, sì lọ̀pọ̀ wọn. Àmọ́ ásíìdì ló kún inú ewé tábà, irú malic àti citric (citric yẹn náà ló wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́), béèsì bá sì ti pàdé ásíìdì, wọ́n á so pọ̀ di iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan là ń pè ní iyọ̀ nídìí kẹ́mísírì o.

Nikotíìnì tó ti di iyọ̀, omi ló bá a mu. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹnu àti imú wá rèé, ọ̀rá ló fi ṣe odi, iyọ̀ ò sì rọ́nà gba inú ọ̀rá kọjá bọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kánún ti wọ̀ ọ́: béèsì tó lágbára ju nikotíìnì lọ ni, òun ló máa gba ásíìdì yẹn mọ́ra, nikotíìnì á wá ku òun nìkan, á wọnú ọ̀rá, ó di inú ẹ̀jẹ̀. Tí pH (ìwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì sí, bó bá ṣe ń ga ni béèsì ń pọ̀) bá jẹ́ 6, bóyá 1 nínú 100 ló dá wà, ní 8 ó ti fẹ́ẹ̀ tó ìdajì, ní 9 ó ti ń lọ sí 90. Ẹ ò rí i pé kánún tíńtín ti tó!

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó bu zobo sínú ife kó ju kánún kékeré sí i, pupa ẹ̀ á yí padà di bí aró tàbí bí ewé, kó wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á hó ṣìṣì, pupa á tún máa yọ. Ẹ má mu ún ṣá.

Àwọn oní-vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, yí i padà ni. Juul, ọ̀kan nínú irú sìgá bẹ́ẹ̀, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015, ásíìdì benzoic ni wọ́n pò mọ́ nikotíìnì ẹ̀ kó di iyọ̀, torí èyí tó dá wà máa ń ta ọ̀fun gan-an, èèyàn ò ní lè fà á púpọ̀, bárakú sì ni wọ́n ń tà. Ó dénú ẹ̀dọ̀fóró tán, ara á bá wọn tú u.

Èyí tí kánún tú sílẹ̀ yẹn náà máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó wà lára ohun tó ń gbọ̀nà imú wọlé wìì bí wọ́n bá ṣí agolo aáṣáà. Èyí tí wọn ò bá dé pinpin, bó bá fi pẹ́, agbára ẹ̀ á máa dín kù.