Ìǹkì tó wọra àti ọ̀dà tó kàn jókòó: bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán sára ìbòrí sípíà táyà

Ọkọ̀ jíìpù bíi Jeep Wrangler àti Suzuki Jimny kì í fi sípíà táyà pamọ́ sínú bútù. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e kọ́ sí, níbi tí oòrùn, òjò àti ẹrẹ̀ ti ń nà án, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dáṣọ fún un. Wíwọn aṣọ náà kò le, nọ́ńbà ara táyà ti sọ gbogbo rẹ̀: 235/75R15 túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ tó mílímítà 235, pé ògiri rẹ̀ ga tó ìdá 75 nínú 100 ìbú yẹn, àti pé íńṣì 15 ni irin àárín. Bí a bá ro ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íńṣì 29 láti etí kan dé èkejì. Ó tán. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ní òun fẹ́ àwòrán lára rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kan wà tó yẹ kó ti kú tipẹ́: pé bí ọ̀dà bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á gbé ọ̀dà ilẹ̀kùn, á kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta sórí aṣọ onírọ́bà tó ń dán, á sì fi ya ẹyẹ idì tó rẹwà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo èèyàn á máa kan sáárá sí i. Ọjọ́ tó bá wá bọ́ ìbòrí náà láti pààrọ̀ táyà, aṣọ á ká, ọ̀dà ò ní lè ká, ni ìyẹ́ idì bá ń já sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ìyẹn tilẹ̀ sàn. Nígbà mìíràn ọ̀dà náà kì í gbẹ rárá: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ìka bá kàn án, àmì ìka á hàn, eruku gbogbo ọ̀nà á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún àwọn. Ọ̀dà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Aṣọ fúnra rẹ̀ ló lẹ́jọ́ọ́ rò. Aṣọ lásán ni inú rẹ̀, irú rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní PVC ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. PVC yìí kan náà sì ni páìpù omi tó le gbagidi. Ohun tó sọ ọ́ di ohun tó ṣeé ká ni èròjà kan bí òróró, plasticizer lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ ọn nílé iṣẹ́. Òróró yìí kì í jókòó sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ jáde wá sójú aṣọ, ooru a sì máa lé e kó tètè dé. Bó bá pàdé ọ̀dà ilẹ̀kùn lójú ọ̀nà, inú ọ̀dà náà ló ń wọ̀, á sì máa rọ̀ ọ́. Ọ̀dà fẹ́ gbẹ, òróró ò gbà.

Ìǹkì tí wọ́n ṣe fún PVC gba ọ̀nà mìíràn. Èròjà kan bíi tínà wà nínú rẹ̀ tó máa ń yọ́ ojú PVC, ìwọ̀nba tíńtín. Àwọ̀ á rì sínú ibi tó yọ́ náà, tínà á fẹ́ lọ, ojú rọ́bà á sì padà dì mọ́ àwọ̀. Ayálégbé ni ọ̀dà ilẹ̀kùn: ẹrù rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí onílé bá yíra padà báyìí, ó di ìta. Ọmọ onílé ni ìǹkì yìí fẹ́. Ó ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti fún un ní yàrá, bí ilé bá ń mì ó ń bá ilé mì, ẹni tó bá ní òun fẹ́ lé e àfi kó wó ògiri. (Àna tó ń gbé inú ilé kì í sì í sanwó omi. Ẹ jẹ́ ká dá àfiwé yìí dúró níbí.) Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó dáa fi máa ń fẹ́lẹ́ débi pé ìka tó bá fọwọ́ rá a kò ní mọ ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Àtidán an wò rọrùn: lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ etí àwòrán, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, kí o wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọ̀ bá bá a wá, ayálégbé ni.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ìǹkì náà débẹ̀ ló kù. Bó bá jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbòrí tó jọra, asẹ́ ló pegedé, ìyẹn aṣọ oníhò wínníwínní tí ìǹkì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á fi oje kan bo ojú asẹ́, oje tó máa ń gan bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Wọ́n á gbé àwòrán dúdú lé e kí wọ́n tó tan iná sí i. Ibi tí dúdú bò kò ní gan, omi á ṣàn án lọ, ojú asẹ́ á sì là níbẹ̀ nìkan kí ìǹkì lè gbabẹ̀ kọjá. Àwọ̀ kan, asẹ́ kan. Ẹni tó ronú kan èyí gbọ́n gan-an, òjìji ló fi ń ṣiṣẹ́.

Fún ìbòrí kan ṣoṣo, làálàá asẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò. Àwọn ìǹkì rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì aláwọ̀, nítorí náà lórí ìbòrí dúdú wọn kì í hàn àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ́ funfun sábẹ́ wọn. Ẹni tó bá fo funfun yẹn á gba idì tó ń fò lóru. Oòrùn náà tún wà ńbẹ̀: pupa àti yẹ́lò ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá, ìdí tí àwòrán tó ti pẹ́ níta fi máa ń di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Dúdú ló máa ń gbẹ̀yìn, torí èédú ló wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìyẹn fífi òwú rán àwòrán sára aṣọ, wu ojú, àmọ́ ihò ni gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún, òjò ò sì nílò ju ìyẹn lọ.

Wọ́n sábà máa ń tẹ àwòrán kí wọ́n tó rán ìbòrí, nígbà tó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Táyà ò sì mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, bí wọn ò bá sàmì síbi tí ìsàlẹ̀ wà, àwòrán á dagun. Jeep Wrangler ti ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní JL, tún wá gbé kámẹ́rà ẹ̀yìn sí àárín gbùngbùn sípíà táyà, ìbòrí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ihò níbẹ̀. Ẹni tó bá ya ojú kìnnìún láì ro ihò yẹn mọ́ ọn, orí imú gan-an ni ihò máa bọ́ sí, kìnnìún á sì máa fi imú wo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn.